Iṣẹ́ ẹrú tó fi tọmọ jẹ́: ọ̀rọ̀ darandaran ilé Laius

Bí ẹ bá bi ẹni tó mọ ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì pé ta ni ìránṣẹ́ tó dúró ti ọ̀gá rẹ̀ jù, Eumaeus ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ fún Odysseus, tí ọ̀gá rẹ̀ fi 20 ọdún kúrò nílé tí kò sì yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Eurycleia ni, ìyá àgbà tó ń fọ ẹsẹ̀ àlejò, tí ọwọ́ rẹ̀ kan àpá àtijọ́, tó mọ̀ pé ọmọ tí òun tọ́ ló dé, tó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn wọ̀nyẹn rọrùn láti sọ. Wọ́n lórúkọ, ilé tí wọ́n sìn tún padà dúró, olúwa wọn sì mọ oore wọn.

Ti ẹni tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lórúkọ rárá. Nínú eré Oedipus tí Sophocles kọ, ẹni tó kú ní 406 ṣáájú ìbí Kristi, darandaran lásán ni wọ́n ń pè é, ẹrú ilé Laius ọba. Nígbà tó máa fi yọ lórí ìtàgé, eré ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí àwọn àgbà ìlú Thebes sì ṣe rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn mọ̀ ọ́n, ará ilé Laius ni, nínú àwọn darandaran kò sí ẹni tí a lè fọkàn tán jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n lò ni pistos. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí gbogbo ilé ọba tó wó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, fún àwa tí à ń darí irú eré yìí, àti àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní tèmi, ibi tí a ti sábà máa ń ba eré yìí jẹ́ ni ibi tí bàbá yìí ti wọlé. A máa ń rò pé ó kàn wá sọ àṣírí ni.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú

Laius ni ọba Thebes, Jocasta sì ni ayaba. Ohùn Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì, láti ojúbọ rẹ̀ ní Delphi ti kìlọ̀ fún Laius pé ọmọ tí Jocasta bá bí fún un ni yóò pa á. Wọ́n bímọ, ọkùnrin ni. Ọmọ náà kò tíì ju ọjọ́ 3 lọ tí wọ́n fi gún ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n so ó pọ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé e sọ sórí òkè níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Nílẹ̀ Gíríìsì ayé ọjọ́un, gbígbé ọmọ sọ síta kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kò gbọ́ rí. Òbí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á; òtútù àti ẹranko ló máa parí iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹrú bá sì wà nílé, ẹrú ló máa gbé ọmọ náà jáde.

Èyí tí wọ́n yàn kì í ṣe ẹrú tí wọ́n fowó rà lọ́jà. Inú ilé Laius ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní ọjọ́ ogbó rẹ̀: ẹrú ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rà mí, ilé ni mo dàgbà sí. Ó hàn nínú ohùn rẹ̀ pé ó fi í ṣe ìgbéraga díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé ọba máa ń gbé iṣẹ́ tí kò ṣeé sọ síta lé lọ́wọ́.

Ó gbé ọmọ náà dé òkè Cithaeron. Ibẹ̀ ni òun àti darandaran kan láti Kọ́ríńtì ti jọ máa ń da ẹran. Ará Kọ́ríńtì yìí ló sọ bó ṣe rí nígbà tó yá: òun ní agbo ẹran 1, èkejì òun ní agbo 2, wọ́n sì jọ wà lórí òkè náà fún sáà 3, oṣù 6 lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà ìrúwé títí ìràwọ̀ Arcturus fi máa yọ. Bí òtútù bá dé, kálukú á da ẹran tirẹ̀ lọ sí ọgbà ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rí ìjẹ́ọ̀rẹ́ bó ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà, ọba kan náà kọ́ ni wọ́n ń sìn, ṣùgbọ́n ìdajì ọdún ni wọ́n fi ń rí ojú ara wọn lójoojúmọ́.

Ó gbé ọmọ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ohun tó fèsì kò ju gbólóhùn kan lọ: àánú ọmọ náà ṣe mí, mo rò pé yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn, sí ilẹ̀ ibi tó ti wá.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe yẹn, n kò sì rí ìtàn tó bá a mu tó èyí. Wọ́n rán an níṣẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n rán ènìyàn, ó sì lo làákàyè ọmọ bíbí láti jẹ́ ẹ. Àánú yìí kò sí nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tó kù sílẹ̀ fún wa o. Nínú eré Phoenissae tí Euripides kọ, àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin fún Polybus, ọba Kọ́ríńtì, ló rí ọmọ náà níbi tí wọ́n sọ ọ́ sí, tí wọ́n gbé e fún ìyàwó ọ̀gá wọn. Homer, akéwì àtijọ́, náà mẹ́nu ba ìtàn ìyá Oedipus, Epicaste ló pè é, kò sì sí ìránṣẹ́ kankan níbẹ̀. Sophocles ló jẹ́ kí ọmọ náà ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ẹrú, láti ọwọ́ ẹrú sí ọwọ́ ọ̀rẹ́, kí ó má sì sí ìgbà kan tí kò sí lọ́wọ́ ènìyàn. Ó fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀.

Ṣùgbọ́n jíjẹ́ iṣẹ́ ní ìdajì kejì. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ máa ń padà wá jábọ̀. Eré náà kò sọ ohun tí ọkùnrin yìí sọ nígbà tó délé. Ohun tó hàn ni pé Jocasta gbà pé ọmọ ti kú, ó sì ń fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí.

Oríta mẹ́ta

Polybus ọba Kọ́ríńtì àti ìyàwó rẹ̀ Merope kò rọ́mọ bí. Wọ́n gba ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú náà, ìwú ẹsẹ̀ yẹn ló sì di orúkọ rẹ̀, Oedipus. Nígbà tó di géńdé, ọ̀mùtí kan sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i níbi àsè pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Ó lọ bèèrè ní Delphi. Wọn kò dá a lóhùn lórí ohun tó béèrè, wọ́n sọ fún un pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò padà sí Kọ́ríńtì mọ́.

Ní ilẹ̀ Phocis, níbi tí ọ̀nà Delphi àti ọ̀nà Daulia ti pàdé, ó bá kẹ̀kẹ́ kan pàdé. Ènìyàn 5 ló wà níbẹ̀, akéde kan wà láàárín wọn, bàbá àgbà kan sì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ fi tipá lé e kúrò lọ́nà. Ó lu ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, bàbá àgbà náà sì fi ọ̀pá ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń gún ẹran lù ú láàárín orí. Ọ̀pá ọwọ́ Oedipus ló dá a lóhùn. Ó ní òun pa gbogbo wọn.

Kò pa gbogbo wọn. Ẹnì 1 sá, darandaran wa yìí ni.

Ó délé, ó sì ròyìn pé àwọn ọlọ́ṣà ló pa ọba, ọlọ́ṣà púpọ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Ibí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ "púpọ̀" yìí ni ìtàn náà so rọ̀ sí. Kí ló dé tó fi sọ pé wọ́n pọ̀? Àwọn kan ní ẹ̀rù ló bà á tí ojú rẹ̀ fi rí ènìyàn púpọ̀. Èmi gbà pé ìtìjú ni. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó bá ọba jáde tí ọba kò bọ̀, tí òun nìkan bọ̀, ó ní àlàyé ńlá láti ṣe. Bó bá wá jẹ́ ọmọdékùnrin kan ṣoṣo tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ló pa ọba àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ojú wo lo máa fi sọ ọ́? Irọ́ kékeré ni, ó sì bo gbogbo ilé: ó bo òun, ó bo òkú ọ̀gá rẹ̀ náà, tí wọn kò ní máa sọ pé alárìnkiri kan ló fi igi pa á. Ẹ lè pè é ní irọ́ olóòótọ́.

Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ayaba

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oríta, Oedipus dé Thebes, ó jọba níbẹ̀, ó sì fẹ́ Jocasta, opó Laius, láìmọ̀ pé ìyá òun ni. Ohun tó tẹ̀ lé e yìí ni mo rò pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun sì ni àwa olùdarí máa ń sáré kọjá, nítorí pé Jocasta kàn sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti pẹ́ ni. Ó ní nígbà tí ìránṣẹ́ náà ti ibẹ̀ dé, tó rí i pé Oedipus ló wà lórí oyè, tí Laius sì ti kú, ó wá bá òun, ó fọwọ́ kan ọwọ́ òun, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun rán an lọ sí oko, sí ibi tí ẹran ti ń jẹ̀, kó lè jìnnà débi pé kò ní máa rí ìlú yìí. Jocasta ní òun gbà fún un. Ó tún fi kún un pé bó tilẹ̀ jẹ́ ẹrú, ó tọ́ sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún un kà. Ẹrú ilé tí ọba fọkàn tán, tó ń bá ọba rìn, ló wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rẹ òun sílẹ̀. Kò béèrè owó, kò béèrè òmìnira. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi tí ojú òun kò ti ní tó ilé orí òkè Thebes. Ayaba kò sì bi í pé, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó rí ọwọ́ tó fọwọ́ kan tirẹ̀, ó rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ó fi inú rere ṣe é fún un. Inú rere yìí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi jẹrà.

Kí ni ọkùnrin náà mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó dájú pé ó mọ̀ pé ẹni tó jókòó lórí oyè ni ẹni tó rí ní oríta. Ṣé ó tún rí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó rántí irin tí wọ́n fi gún ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ 3? Eré náà kò sọ, òṣèré tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti dá a lóhùn nínú ara rẹ̀ kó tó jáde. Bí ó bá mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí apànìyàn nìkan, ìbẹ̀rù ló gbé e lọ sóko. Bí ó bá mọ méjèèjì, a jẹ́ pé ó fọwọ́ kan ọwọ́ obìnrin kan tó mọ̀ pé ó ń sùn ti ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó sì lọ.

Àlàfo kan wà nínú ọ̀rọ̀ Jocasta tí àwọn òǹkàwé ti rí tipẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ti kéde ikú Laius fún ìlú kí Oedipus tó gorí oyè. Ó tún wá sọ pé ìgbà tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà dé, Oedipus ti wà lórí oyè. Ta wá ló mú ìròyìn náà wá? N kì í bá Sophocles jà lórí rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn ọjọ́ máa ń gun ara wọn lórí.

Ènìyàn kan ní orúkọ mẹ́rin

Ọdún yí lu ọdún. Oedipus ti bímọ 4 pẹ̀lú Jocasta. Àjàkálẹ̀ àrùn bọ́ sí ìlú, ohun ọ̀gbìn kú, oyún ń bà jẹ́ lára obìnrin. Creon, àbúrò ayaba, lọ sí Delphi, ó bọ̀, ó ní Apollo sọ pé apànìyàn tó pa Laius wà láàárín ìlú, kí wọ́n lé e jáde. Oedipus bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ dára: ṣé kò sí ẹni tó bọ̀? Creon ní ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sá nítorí ẹ̀rù, ohun kan péré ló sì lè sọ dájú, pé àwọn ọlọ́ṣà ni. Oedipus dá a lóhùn, ó ní báwo ni "ọlọ́ṣà náà" ṣe máa láyà tó bẹ́ẹ̀. Creon sọ ọ̀pọ̀, Oedipus sọ ẹyọ. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ohun tó sì yẹ kó tẹ̀ lé e, pé kí wọ́n lọ pe ẹni tó sá náà wá, kò wáyé. Tiresias, aríran afọ́jú, ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ó di ìjà. Ìgbà tí Jocasta fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ Oedipus lọ́kàn, tó ní kí ó má gba àwọn aríran gbọ́, pé wọ́n ní ọmọ ni yóò pa Laius, ọlọ́ṣà ló sì pa á ní oríta mẹ́ta, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ gbọn Oedipus. Ó ní kí wọ́n pe ọkùnrin oko náà wá. Ìrètí kan ṣoṣo ló kù fún un: bí ọkùnrin náà bá ṣì ní àwọn púpọ̀ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe òun, nítorí ẹnì kan kò lè jẹ́ ẹni púpọ̀.

Kí ó tó dé, ará Kọ́ríńtì dé. Polybus ti kú, àwọn ará ìlú fẹ́ fi Oedipus jọba. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló gbé wá, kò sì fi pamọ́ pé òun retí èrè. Nígbà tí Oedipus ní ẹ̀rù ìyá òun ní Kọ́ríńtì ṣì ń ba òun, ọkùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, Merope kì í ṣe ìyá rẹ̀, èmi tí o ń wò yìí ni mo gbé ọ fún wọn. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, nígbà tó ń ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń yí bìrí nínú eré, ibí yìí gan-an ló mú ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó wá mú inú ọba dùn ló ṣe òdìkejì rẹ̀.

Oedipus ní ta ló gbé òun fún ọ. Ó ní darandaran mìíràn ni, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé Laius.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn orúkọ tí wọ́n ti fún bàbá yìí báyìí. Lẹ́nu Creon, òun ni ẹni tó sá. Lẹ́nu Jocasta, ìránṣẹ́ ilé tó bẹ̀bẹ̀ láti lọ sóko. Lẹ́nu Oedipus, ẹlẹ́rìí. Lẹ́nu ará Kọ́ríńtì, darandaran mìíràn. Ẹjọ́ 2 ni wọ́n ń wádìí, ẹjọ́ ikú ọba àti ẹjọ́ ọmọ tí wọ́n sọ nù, wọ́n sì rò pé ẹni 2 ni àwọn ń wá. Àgbà kan nínú àwọn ará Thebes ló sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni: ó dà bíi pé ẹni yìí náà ni ẹni oko tí ẹ ti ń wá, ayaba yìí ló máa mọ̀. Nígbà yẹn, ayaba ti mọ̀. Ó bẹ Oedipus pé kó fi sílẹ̀. Oedipus rò pé ó ń tijú pé ọkọ òun lè jẹ́ ọmọ ẹrú. Jocasta wọlé lọ, a kò sì tún rí i mọ́.

Mo ti rí olùdarí tó sọ fún àwọn òṣèré pé Sophocles kò sọ bàbá yìí lórúkọ nítorí pé kò ṣe pàtàkì. Rárá o. Bó bá lórúkọ ni, ẹjọ́ méjèèjì ìbá ti pàdé látàárọ̀. Nígbà tí Ola Rotimi gbé ìtàn náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971, ó sọ ẹrú náà ní Gbonka. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ṣàngó mọ̀ pé orúkọ akọni nìyẹn. Níbẹ̀, òǹwòran ń retí Gbonka. Nínú ti Sophocles, ẹnikẹ́ni kò retí ẹnì kankan. Àgbàlagbà kan kàn ń bọ̀ láti oko ni.

Ìbéèrè tí wọn kò bi í

Ará Kọ́ríńtì ló bẹ̀rẹ̀ ìyọnu náà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí òkè Cithaeron, agbo ẹran 2 àti agbo 1, sáà 3. Bàbá náà ní òótọ́ ni, bó tilẹ̀ ti pẹ́.

"Ǹjẹ́ o rántí pé o gbé ọmọ kan fún mi nígbà yẹn, kí n tọ́ ọ bí ọmọ ara mi?"

"Kí ló dé? Kí lo ń béèrè ìyẹn fún?"

"Ọ̀rẹ́ mi, òun rèé. Òun ni ọmọ ọwọ́ ọjọ́sí."

"O ò ní ríre! O ò ní pa ẹnu rẹ mọ́ ni?"

Bí ìdúróṣinṣin ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó ti fi í pamọ́ láti ìgbà tí ọba ti jẹ́ ọmọ ọwọ́ nìyẹn: èébú ni. Oedipus kò sì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó bá bàbá wí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló yẹ kí a bá wí. Ó ní bí kò bá fi ìrọ̀rùn sọ ọ́, yóò fi ẹkún sọ ọ́. Bàbá ní nítorí Ọlọ́run, kí wọ́n má fìyà jẹ arúgbó. Oedipus ní kí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn ará Áténì tó jókòó wo eré yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nínú ilé ẹjọ́ wọn, wọn kì í gba ẹ̀rí ẹrú wọlé àfi bí wọ́n bá dá a lóró kí wọ́n tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èrò wọn ni pé ẹrú kò ní ọlá tó máa fi búra. Bàbá tí gbogbo ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ní ẹni tí a lè fọkàn tán, ìgbà tí wọ́n nílò òótọ́ ẹnu rẹ̀, okùn ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ó jẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Òun gbé ọmọ náà fún un, ì bá sì sàn kí òun ti kú lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà kì í ṣe tòun. Láti ilé Laius ni. Ẹrú ni àbí ọmọ inú ilé? Ó ní òun ti dé etí ohun tó burú láti sọ. Oedipus ní òun náà ti dé etí ohun tó burú láti gbọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ gbọ́. Bàbá ní ìyàwó rẹ tó wà nínú ilé ló lè sọ ọ́ jù. Ṣé òun ló gbé e fún ọ? Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Láti ṣe kí ni? Kí n pa á. Ẹ rántí pé Jocasta ti sọ fún Oedipus pé Laius ló so ẹsẹ̀ ọmọ náà, tó fi ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ nù. Kò dárúkọ ọwọ́ ara rẹ̀. Àṣírí ayaba yìí ló ti wà lábẹ́ ahọ́n ẹrú náà láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà tí kò sì sí ọ̀nà mọ́ ló pọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọn kò bi í. Ikú Laius ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ "ẹnì kan àbí púpọ̀" ni ẹ̀mí ọba rọ̀ mọ́ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ó dé, ọ̀rọ̀ ọmọ gba ẹnu gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ti oríta mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Irọ́ àwọn ọlọ́ṣà kò di ohun tí wọ́n já rí. Ó kàn wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà. Òṣèré tó bá mọ èyí, yóò wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ oríta, yóò ti tún irọ́ rẹ̀ tò lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí kò múra sílẹ̀ fún ló máa wá bá a. Mo ti rí i tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ àwàdà ará Kọ́ríńtì kúrò kí eré lè yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Láìsí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn, èébú bàbá kò ní ìdí.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó ń pín ipa. Sophocles ní òṣèré 3 péré tó lè sọ̀rọ̀. Oedipus, Jocasta àti ará Kọ́ríńtì ti jọ wà lórí ìtàgé ṣáájú. Lẹ́yìn náà, Oedipus, ará Kọ́ríńtì àti darandaran. Nígbà náà, òṣèré tó ṣe Jocasta ló lọ pààrọ̀ ìbòjú, tó padà wá gẹ́gẹ́ bí bàbá yìí. Ara kan náà ló gbé ọmọ kalẹ̀, ara kan náà ló gbà á. Nígbà tí òṣèré náà fi ohùn arúgbó sọ pé ayaba ló gbé e fún òun, ìbòjú ayaba wà lẹ́yìn ìtàgé níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sí. Bí ẹ bá ní òṣèré tó lè ṣe méjèèjì, ẹ dán an wò.

Ohun tí bàbá náà sọ kẹ́yìn ni pé àánú ló ṣe òun, àti pé bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni ẹni tí ọkùnrin yìí sọ, a jẹ́ pé orí burúkú ni wọ́n bí ọ mọ́. Oedipus ké, ó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò bá bàbá sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ní kó máa lọ, kò sí ẹni tó tú u sílẹ̀ bí wọ́n bá ti dì í, eré kò sì sọ ọ̀nà tó gbà jáde. Ẹ̀yin olùdarí ni ẹ máa wá ọ̀nà fún un.

Nígbà tí Oedipus tún jáde, ó ti fọ́ ojú ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀. Ó ṣẹ́ èpè fún ẹni tó tú ẹsẹ̀ òun sílẹ̀ nínú ìdè oró lórí pápá, tó gba òun lọ́wọ́ ikú, oore tí kì í ṣe oore. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ọ̀rọ̀ ará Kọ́ríńtì: òun ló ní òun tú ẹsẹ̀ ọmọ náà. Èpè náà gba ẹ̀gbẹ́ darandaran Laius kọjá lọ.